Rédíò Orí Igi Máńgòrò

Abà Akínladé,
Lọ́nà Ìdèrè.
Oṣù Karùn-ún, 1977.

Babáfẹ́mi, Àkànó ọkọ mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Ìyàwó ńkọ́? Ọláyẹmí ọmọ wa ńkọ́, ṣé ó ti ń sáré kiri? Kí ilẹ̀ Ìbàdàn tí o ń tẹ̀ má gbóná mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ẹyẹ tí kò ní ilẹ̀kùn kò ní gbàgbé ilẹ̀kùn tìrẹ. Ọ̀gá rẹ kò ní bínú sí ọ, oníbàárà kò ní fi ọ́ ṣẹ̀sín, rédíò tí o bá sì tún ṣe lónìí kò ní padà wá bá ọ lọ́la. Àmín. Èmi fúnra mi ni mo kọ ìwé yìí o, bí o bá rí ibi tí mo ti pa nǹkan rẹ́, má ṣe sọ pé ẹlòmíràn ló bá mi kọ ọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ àgbà tí mo lọ kì í ṣe ti eré.

Bí o bá béèrè wa, a wà, a dúpẹ́. Ìyàwó Dàda tún bí ìbejì, ó sì ń wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni pé ọkùnrin náà nìkan ló jẹ̀bi. Ewúrẹ́ mi tó sọnù ti padà wálé pẹ̀lú oyún, a ò sì mọ ẹni tí a ó lọ bá ṣẹjọ́. Àgbàdo ti ń hù. Bàbá rẹ nìkan ni nǹkan wọn kò tíì dán. Aràn sòbìà yọ orí ní ọrùn ẹsẹ̀ wọn, òmíràn sì tún ń wú bọ̀ ní orúnkún. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí, wọ́n ń wo òjò tó ń rọ̀ sí oko tí wọn kò lè lọ, wọ́n sì ń bú òjò náà. Má jẹ́ kí ọkàn rẹ dàrú, ẹni tó ṣì ń rí agbára bú òjò kò tíì fẹ́ kú.

Mo mọ ohun tí o sọ lọ́dún tó kọjá, pé ìyàwó rẹ kò ní gbé Ọláyẹmí wá sí ibi tí wọ́n ti ń mu omi tó ń bí sòbìà. Kò bí mi nínú. Irọ́ ni, ó bí mi nínú díẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ẹsẹ̀ bàbá rẹ, inú mi rọ̀. Àwọn àgbà ibí ní sòbìà kò sí nínú omi rárá, pé inú ẹ̀jẹ̀ àwa ará Ìbàràpá ló ń gbé láti ìgbà ìwáṣẹ̀, ó kàn máa ń jáde wá najú ni bí inú bá sú u. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àfi ìgbà tí mo bi ara mi pé bí ó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ ni, kí ló dé tí kò mú ìwọ mọ́ láti ìgbà tí o ti ń mu omi ẹ̀rọ ìgboro? Ṣé wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ fún ọ ní ibodè ni? Ẹjọ́ náà dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ẹ ti bí ọmọ yẹn, fọ́tò rẹ̀ ni mo ń fi ọ̀já pọ̀n bí ilé bá dá. Bàbá rẹ kì í tiẹ̀ wo fọ́tò náà mọ́, wọ́n ní fọ́tò kì í jẹ́ ìpè.

Nípa kànga tí kánsẹ́lọ̀ wa, Adéníran, ṣèlérí rẹ̀ nígbà ìbò, wọ́n gbẹ́ ẹ títí orí ẹni tó ń gbẹ́ ẹ fi wọlẹ̀, wọ́n kan àpáta, wọ́n kó ṣọ́bìrì wọn, wọ́n lọ. Ewúrẹ́ ló ń jábọ́ sínú rẹ̀. Omi ọ̀gọ̀dọ̀ náà ni a ṣì ń pọn títí rédíò rẹ fi dé.

Ó yá, ohun tí mo torí rẹ̀ kọ̀wé nìyí. Rédíò tí o fi ránṣẹ́ ti dé! O ṣeun, o ṣeun, o ṣeun. O ò ní ṣèyí mọ. Àwọn ọmọ tìrẹ náà á rà fún ọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Dírẹ́bà lọ́rì gbé e sọ̀ láìfọ́: àpótí tó ń tan iná pupa lójú, ohun tí a ń sọ̀rọ̀ sí, bátìrì dúdú tó wúwo bí ọmọ aláìgbọràn, àti ẹnu ńlá kan tó fẹ̀ bí agbada tí a fi ń yan gàrí. Tíṣà Zachariah, ọmọkùnrin tó dé sí ilé-ìwé ìjọ wa lẹ́yìn tí o lọ, gun igi máńgòrò iwájú ilé Baálẹ̀, ó so ẹnu náà mọ́ ọn. Baálẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ ní Rédíò Abà Akínladé. Wọ́n ní rédíò ìgboro, ti ìjọba ni, ẹnu ìjọba ló ń sọ, ṣùgbọ́n èyí jẹ́ tiwa, ìjọba kò dá kọ́bọ̀ sí i, kò sì sí ẹni tí yóò pàṣẹ ohun tí a ó sọ fún wa.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ àkọ́kọ́ kò lọ bí a ṣe rò. Ṣé o mọ̀ pé a kì í ṣàdédé la ẹnu sọ̀rọ̀ láàárín àgbà. Tíṣà kí Baálẹ̀, ó kí Ọ̀tún, ó kí Òsì, ó kí olórí ọdẹ, ó kí àwọn ìyá ìjọ. Ìgbà tó wá kí agbo ilé Ògúnrìndé ṣáájú agbo ilé Àyàndélé, ariwo ta, àwọn ọkùnrin ń bọ́ aṣọ, ni Tíṣà bá padà sẹ́yìn, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí Baálẹ̀. Ó kí àwọn aboyún, ó kí ọmọ inú wọn, ó kí àwọn tó wà lóko tí wọn kò tíì dé. Ìgbà tó wá fẹ́ ka ìròyìn, bátìrì kú. Gbogbo wa dìde, a dúpẹ́, a ní ìròyìn náà dùn gan-an.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí kálukú máa kí ẹnì kejì rẹ̀ nílẹ̀ kí rédíò tó bẹ̀rẹ̀, kí rédíò máa kí Ọlọ́run nìkan, nítorí Ọlọ́run kì í bínú ipò. Láti ìgbà náà ni ojú wa ti là. Tíṣà máa ń ka ohun tí ìjọba ń ṣe láti inú ìwé ìròyìn tí lọ́rì bá gbé wá, bí ohun tí ìjọba ṣe bá sì burú, a ó jọ kùn sí i. Ìyá Abọ́sẹ̀dé tó ń ná ọjà Láńlátẹ̀ máa ń sọ iye tí gàrí ń lọ lọ́jà gan-an, kí àwọn tó ń wá rà á lábà má baà rẹ́ wa jẹ mọ́. Dàda ń pa àlọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní bí ó bá ní ẹnu tí yóò fi pa àlọ́, ó ní ọwọ́ tí yóò fi gbé ọmọ, nítorí náà ìbejì kan ló máa ń gbé dání, ìbejì náà a sì máa ké ní gbogbo ibi tí ìjàpá bá ti fẹ́ kọrin.

Èmi náà ní àyè tèmi. Kí wọ́n tó pa á, èmi ni mo máa ń kí ọ. Mo máa ń béèrè bóyá o ti jẹun, mo sì máa ń kì ọ́ ní oríkì rẹ. O kò dáhùn rí, Àkànó! Báyìí ni mo ṣe kọ́ ọ nílé? O kọ ọ́ sínú ìwé rẹ pé ohùn rédíò yìí kò lè kọjá oko wa. Mo mọ̀ pé ìrẹ̀lẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu, o kò fẹ́ kí wọ́n pariwo ẹ̀bùn rẹ. Iṣẹ́ ni kò jẹ́ kí o dáhùn, mo ti dárí jì ọ́.

Wàyí o, bátìrì yìí máa ń kú, Tíṣà á sì gbé e lọ sí Igbó-Ọrà kí wọ́n bá a jájì rẹ̀, kí iná tún wọ inú rẹ̀. Lọ́jọ́ kan ó dé, ó ní wọ́n sọ fún òun pé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́. Mo ní ṣé èyí náà le? Mo bu omi wa, mo fi aṣọ sẹ́ ẹ, mo fẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Tíṣà sáré dì mí lọ́wọ́ mú. Ó ní omi yẹn yóò pa á. Ó ní bátìrì kì í mu omi ọ̀gọ̀dọ̀, omi tó mọ́ tó ń dán, tí wọ́n ń tà nínú ìgò, ni ó ń mu. Mo wo Tíṣà, mo wo bátìrì, mo wo bàbá rẹ lẹ́nu ọ̀nà. Omi tí yóò pa irin, òun ni mo ti fi ń po ẹ̀kọ fún ọkọ mi láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí. Àkànó, ẹkún gbọ̀n mí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, n kò kí ọ, má bínú. Mo gba ohun tí a ń sọ̀rọ̀ sí lọ́wọ́ Tíṣà, mo ní kí gbogbo ayé gbọ́ pé bátìrì kan ń bẹ lábà wa tí kì í san owó-orí, tí kò dìbò fún Adéníran, omi mímọ́ ló ń mu, ọkọ mi sì rèé, tó ń san owó-orí, tó tò nínú oòrùn tó dìbò fún un, omi tó lè pa irin ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un. Mo ní bí àwa ènìyàn kò bá lè di bátìrì, kí kánsẹ́lọ̀ wá parí kànga wa.

Mi ò mọ̀ pé kánsẹ́lọ̀ náà ń kọjá lọ sí Ìdèrè lórí alùpùpù rẹ̀. Ó gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ lórí igi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ já sí kòtò. Ó yà wọlé wá pẹ̀lú òógùn lójú, kò tíì kí wa tán tó fi bi Tíṣà pé ibo ni ohùn yìí ń dé. Tíṣà, ọmọ ìjọ tí kì í purọ́, bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́. Èmi ni mo dá a lóhùn. Mo ní Ìbàdàn ló ń dé. Mo ní ibẹ̀ ni ọmọ mi ti rà á, ohun tó ti Ìbàdàn wá kò lè ṣi ọ̀nà Ìbàdàn. Ó bi mí pé kí ni iṣẹ́ ọmọ mi, mo ní iṣẹ́ rédíò. Ojú rẹ̀ wá dà bí ojú ẹni tó gbé egungun ẹja mì.

Ó ní ṣé òun lè bá àwọn ará Ìbàdàn sọ̀rọ̀. Baálẹ̀ ní kí wọ́n fún un. Ó tún fìlà ṣe, ó yọ eruku lára agbádá, ó ní kí gbogbo Ìbàdàn gbọ́, kí ìjọba náà gbọ́, pé òun kò gbàgbé Abà Akínladé, àpáta ló dí òun lọ́wọ́, pé kí oṣù tó kú, omi yóò jáde. Ó fi orúkọ bàbá rẹ̀ búra. Baálẹ̀ ní kí ó tún un sọ, bóyá ará Ìbàdàn kan ń jẹun lọ́wọ́ tí kò gbọ́. Ó tún un sọ.

Lóòótọ́ lóòótọ́, oṣù kò tíì kú tí àwọn tó ń fọ́ àpáta fi dé. Wọ́n fọ́ ọ, wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì yí i ká, wọ́n sì fi ìdérí sí i. Omi náà mọ́ débi pé nígbà tí mo kọ́kọ́ bu ú, mo rò pé igbá mi ṣófo. Tíṣà yọ́ sọ fún mi pé ohùn wa kò dé Ìbàdàn, pé agbára káká ni ó fi ń kọjá odò. Mo ní bí kò bá dé Ìbàdàn, ta ló dẹ́rù ba kánsẹ́lọ̀? Mo mọ̀ pé ìwọ lo gbọ́ ohùn mi, tí o lọ bá àwọn àgbà ibẹ̀ sọ ọ́. Ọlọ́run yóò gbọ́ tìrẹ náà.

Bàbá rẹ kì í sọ̀rọ̀ ní rédíò, o mọ̀ wọ́n, ọ̀rọ̀ kì í tú lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n lánàá wọ́n ní kí á ran àwọn lọ́wọ́ dé abẹ́ igi. Wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀, a dì wọ́n mú, a ń sinmi lọ́nà. Wọn kò kí Baálẹ̀, wọn kò kí ẹnikẹ́ni, wọn kò tiẹ̀ kí ìwọ náà. Wọ́n ní Ọláyẹmí ni àwọn ń bá sọ̀rọ̀, kí ó gbọ́ pé àwọn ni bàbá bàbá rẹ̀, àti pé omi àwọn ti mọ́. Wọ́n dúró, bí ẹni tó ń retí kí ọmọ jẹ́ ìpè. Ìgbà tó pẹ́, Tíṣà béèrè bóyá ó tán, wọ́n ní ó tán.

Nítorí náà, Àkànó, bá wa fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, owó jíjájì bátìrì àti ti omi inú ìgò rẹ̀, tábà bàbá rẹ, àti ọṣẹ fún mi. Ṣùgbọ́n bí owó náà kò bá ní tó fún èyí àti owó ọkọ̀, má fi ránṣẹ́. Fi gbé ìyàwó rẹ àti ọmọ wọ ọkọ̀. Bí ìyàwó rẹ kò bá gbà gbọ́, kí ó wá fi ojú ara rẹ̀ wo inú kànga kí ó tó bu omi fún ọmọ, n kò ní bínú rárá.

Ọ̀nà yóò là fún yín, táyà kò ní jò, ẹsẹ̀ tí ẹ ó fi wọ ilé wa yóò jẹ́ ẹsẹ̀ ayọ̀. Àmín. Mo ti fọ ọ̀já mi.

Èmi ni ìyá rẹ,
Salome.