Lẹ́tà Tí Kò Ní Àmì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń darí kíláàsì Májẹ̀mú Láéláé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íjẹ̀bú-Igbó. Gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bàbá mi, katikísì tó ti Òde-Omi wá, ló dá a sílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo ti gbà á. Mi ò ní nǹkan mìíràn mọ́ — ọkọ mi ti lọ, Adélọ́lá ọmọ mi wà l'Ékòó, ìjọba ti fún mi ní ìwé ìfẹ̀yìntì. Kíláàsì yìí nìkan ló kù tí wọ́n ṣì fi ń pè mí ní Tíṣà.

Lónìí ni Fíkà, àlùfáà ìjọ wa, mú ẹnì kan wá. Dókítà Ẹnìtàn, tó ń kọ́ni ní èdè Hébérù ní yunifásítì l'Ágọ̀ọ́-Ìwòyè. Ọ̀kadà ló gbé e dé, bàtà rẹ̀ kún fún eruku, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Fíkà ní kó wá máa ràn mí lọ́wọ́. Ta ló sọ fún un pé mo ń ṣubú?

Grace, ọmọ kíláàsì mi, ló ba gbogbo nǹkan jẹ́. Ó ní, Tíṣà, ní Jẹ́nẹ́sísì orí kẹtàdínláàádọ́ta, orí àkéte ni Jákọ́bù ti tẹríba. Ní ìwé sí àwọn Hébérù, orí ọ̀pá ni. Èwo ni ká mú? Mo dá a lóhùn bí mo ṣe máa ń dá wọn lóhùn: ọ̀pá ni. Àgbà onígbàgbọ́ kì í kú lórí ibùsùn. Orí ìdúró ni Jákọ́bù wà. Orí ìdúró náà ni bàbá mi wà, ọ̀pá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tí Olúwa pè é. Gbogbo wọn ṣe àmín.

Ọmọkùnrin yẹn bá na ọwọ́ sókè. Ó ní ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó ní àwọn Júù àtijọ́ kì í fi àmì fáwẹ̀lì sí ohun tí wọ́n bá kọ. Bí o bá pè é ní mita, àkéte ni. Bí o bá pè é ní mate, ọ̀pá ni. Lẹ́tà ò yàtọ̀. Àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríìkì kà á sí ọ̀pá, àwọn tó wá fi àmì sí i lẹ́yìn náà kà á sí àkéte. Ló bá kọ OKO sára bọ́ọ̀dù — bọ́ọ̀dù mi! — ó ní kí wọ́n kà á. Bàbá Zechariah ní ọkọ̀. Grace ní oko. Ìyá Oyètọ́lá, ẹni ọgọ́rin ọdún, pariwo pé "ọkọ!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Ọdún mẹ́rìndínlógún, wọn ò rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi rí.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Eyín lásán ni.

Ọjọ́rú, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ko o.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti sọ Dókítà yẹn lórúkọ: Alámì. Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá, kí ló fẹ́ fi àmì ṣe? Ọdún márùndínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìṣirò, mi ò fi àmì sórí Yorùbá kankan, kò sì sẹ́ni tó ṣì mí gbọ́. Ìwé tí mò ń kọ yìí gan-an, kò ní àmì kan ṣoṣo. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Mo rojọ́ fún Ṣùkúrát, aránṣọ tí ilé wa kọjú síra. Mo rò pé yóò gbè mí. Ó ní, "Màmá Adélọ́lá, ní ilé kéwú tiwa, ọmọ tó bá gbé àmì òkè sí ìsàlẹ̀, ẹgba ni o." Mo gba aṣọ mi lọ́wọ́ rẹ̀ láìtíì rán an tán.

Ọjọ́ Àìkú, 7 Oṣù Kẹsàn-án

Alámì ló ka ẹ̀kọ́ kìíní. Ohùn rẹ̀ dára. Ọlọ́run dárí jì mí, mo gbàdúrà kí ikọ́ gbé e.

Lẹ́yìn ìsìn mo dì mọ́ ọn lójú gbogbo ìjọ. Mo ní, "Ọmọ wa àtàtà." Bàbá Zechariah ń mi orí, ó ní irú ìyá tó yẹ kó wà nínú ìjọ nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Mẹ́tàlélógún ni wọ́n lónìí. Mọ́kànlá ni wọ́n máa ń jẹ́ lọ́dọ̀ mi.

Alámì ní Tórà tí Bíbélì wa pè ní Òfin, ẹ̀kọ́ ló jẹ́ gan-an. Ó ní lọ́dọ̀ àwọn Júù, kíkọ́ Ìwé kì í ṣe ìmúrasílẹ̀ fún ìsìn, òun fúnra rẹ̀ ìsìn ni. Ẹni tó jókòó ti Ìwé ti wà níwájú Ọlọ́run. Ó ní títí di òní, ìwé kíká tí wọ́n ń kà nínú sínágọ́gù wọn kò ní àmì. Àìlámì ni wọ́n ń kọ ọ́, àìlámì ni wọ́n ń kà á.

Mo ti dẹ pàkúté sílẹ̀. Mo dìde. Mo ní, "Dókítà, bí àwọn tó ni Ìwé ò bá fi àmì sí i, kí ló dé tí ẹ̀yin fi ń fi àmì da àwa láàmú?" Inú mi dùn sí ẹnu mi.

Kò tilẹ̀ bínú. "Ẹ ṣeun, Mà. Ìdí ni pé àwọn kì í dá a kà. Ẹni kan ń kà, àwọn kan á dúró tì í lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, tí ìtumọ̀ sì yí padà, wọn á dá a dúró lójú ẹsẹ̀, á tún un kà. Ẹni tó mọ̀, tó sì dákẹ́, òun náà ti ṣì í kà."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Mo jókòó.

Lẹ́nu ọ̀nà, Fíkà fa ọwọ́ mi. Ó ní ọjọ́ Àìkú, Ìgbìmọ̀ Ìjọ máa yan ẹni tí kíláàsì máa wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní bóyá ó tó àsìkò kí n sinmi. Kí n sinmi! Mo dé ilé, mi ò lè jẹun.

Ọjọ́ Ẹtì, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ti ṣe é. Bàbá Zechariah ni akọ̀wé Ìgbìmọ̀, ojú rẹ̀ ò ríran púpọ̀, kò sì fẹ́ràn lẹ́tà gígùn. Nítorí náà mo jẹ́ kó kúrú, kó sì ta á lára. Mo fi í ránṣẹ́ lórí fóònù. Bí mo ṣe kọ ọ́ rèé:

"Si Igbimo. Mi o le dake mo. Dokita Enitan ko Majemu Laelae. O ko oro Olorun. O ko eko awon baba wa. Gbogbo wa la gbo o. Iru eni bayi, e tete mo ibi ti e maa fi i si."

Ó kọ̀, ó kọ̀, ó kọ̀. Ìgbà mẹ́ta, bí ti Pétérù. Ká wo ibi tó máa gbà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 13 Oṣù Kẹsàn-án

Mo sùn dáadáa.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti pa ìlà yìí rẹ́.

Wọ́n pè mí wọ inú yàrá ìpàdé. Alámì wà níbẹ̀. Fíkà ní kí Bàbá Zechariah ka lẹ́tà mi sókè. Ó gbé fóònù súnmọ́ imú, ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tó fi ń ka ìwé ìkéde: "Mi ò lè dákẹ́ mọ́. Dókítà Ẹnìtàn kọ́ Májẹ̀mú Láéláé. Ó kọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Ó kọ́ ẹ̀kọ́ àwọn bàbá wa. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Irú ẹni báyìí, ẹ tètè mọ ibi tí ẹ máa fi í sí."

Kọ́! Kọ́! Kọ́!

Ìyá Oyètọ́lá bú sẹ́kún ayọ̀. Fíkà dìde, ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. Ó ní òun ti ń bẹ̀rù pé màá bínú, òun ò mọ̀ pé èmi gan-an ló máa fa ọmọ náà kalẹ̀. Wọ́n fi kíláàsì lé e lọ́wọ́ lójú ẹsẹ̀, "pẹ̀lú ìbùkún ìyá wa."

Bí mo bá ní wọ́n ṣì í kà, mo ti sọ fún gbogbo wọn pé mo fẹ́ ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Mo sì ti sọ pé àmì ṣe pàtàkì. Kò sẹ́ni tó dúró ti Zechariah láti dá a dúró. Èmi ni mo yẹ kí n dá a dúró.

Mo ní, "Ẹ ṣeun."

Ọjọ́ Ajé, 15 Oṣù Kẹsàn-án

Alámì wá sílé. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́nu ọ̀nà, Ṣùkúrát ń wò wá láti ìdí máṣíìnì rẹ̀. Mo fún un lómi. Ó ní Bàbá Zechariah ti fi lẹ́tà náà han òun.

Mo ní ẹn-ẹ́n.

Ó ní, "Mà, kò ní àmì."

Mo ní ẹn-ẹ́n.

Ó mu omi náà tán. Ó ní, "Mo kà á bí Bàbá ṣe kà á." Ó gbé kọ́ọ̀pù kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní kí n má ṣàìwá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, àga iwájú jẹ́ tèmi.

Ó mọ̀. Nínú yàrá yẹn ló ti mọ̀, ó sì dákẹ́. Ìbá bú mi, ìbá sàn. Mo kórìíra rẹ̀ ju ti àná lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 16 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò lọ.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ. Àga iwájú. Ọ̀rọ̀ Jákọ́bù ni wọ́n tún padà sí, Alámì sì ní kí èmi kà á. Mo kà á dé ibi àkéte, mo dúró. Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Mo ní, bàbá mi ò kú lórí ìdúró. Oṣù méje ló fi wà lórí ibùsùn. Èmi ni mò ń yí i, èmi ni mò ń fọ aṣọ rẹ̀. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ọ̀pá rẹ̀ wà, ó ń wò ó, ọwọ́ rẹ̀ ò tó o. Ojú ń tì mí fún un, ni mo ṣe gbé ọ̀pá lé e lọ́wọ́.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìyá Oyètọ́lá béèrè, "Lèsí wí pé àkéte bu àgbà kù?" Mo ṣì kórìíra Alámì, bóyá kò tó ti tẹ́lẹ̀, mi ò wọ̀n ọ́n.

Mo délé, mo mú bírò pupa. Mo padà sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yìí, mo fi àmì sí gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá bá a lẹ́yìn mi má baà ṣì mí kà. Mo fi lẹ́tà yẹn sílẹ̀ bó ṣe wà, ó ti ṣe èyí tó máa ṣe. Ó wá ku ìlà kan ṣoṣo, ti Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹta. Nígbà tí mo kọ ọ́, mo mọ ohun tó wà lọ́kàn mi: mo kọ̀ ọ́ ni. Ó yẹ kó rọrùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbé bírò lé e. Mo kọ̀ ọ́. Àbí mo kọ́ ọ?

Mo dé bírò. Ẹni tó bá máa kà á, kó wá ẹni dúró tì í.