Ikú Tí O Kọ fún Mi Nínú Géèmù Rẹ

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Ẹ ní láti kú kí ìtàn náà tó lè bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nínú fíìmù nìyẹn.”

Raudah, ọ̀rọ̀ rẹ nìyẹn, bí o ṣe tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí orí fóònù mi ní ọjọ́ Alàmísì, ní agogo mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ìrọ̀lẹ́. N kò fi kún un, n kò sì yọ nínú rẹ̀. Ní báyìí tí ó ti wà lákọsílẹ̀, mo kí ọ. Àsàlámù àlékù. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé yìí bá ọ ní àlàáfíà, kí Èkó má fi ìyà jẹ ọ́, kí iṣẹ́ rẹ má sì di ẹrù tí yóò wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Bí o bá fẹ́ mọ bí ara tèmi ti rí, mo wà láàyè. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ìyẹn sí òkè ìwé, nítorí pé obìnrin mọ́kàndínlógún ni ó gbà ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá pé mo ti kú, láti ọ̀dọ̀ rẹ ni ìròyìn náà sì ti wá.

Ilé wà bí o ṣe mọ̀ ọ́n. Omi ẹ̀rọ padà dé lẹ́yìn oṣù méjì, ó lo ọjọ́ mẹ́ta pẹ̀lú wa, ó tún lọ. Wọ́n ti tún páànù ẹ̀yìnkùlé kàn. Àbúrò mi Hamidat, tí ó wà ní àdúgbò Basin, ní kí n kí ọ, orúnkún tí ó ń dùn ún ti sàn díẹ̀. Ọ̀dọ̀ Hamidat yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ní ọjọ́ Àlàárùbá, ẹnì kan fi fídíò kékeré kan ránṣẹ́ sí i, kò sì kọ ohunkóhun sí abẹ́ rẹ̀. Ó rí àgbàlá ilé wa. Ó rí obìnrin kan tí ó ní ojú mi, tí ó wọ híjàbù mi aláwọ̀ búlúù, tí ó dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Ó gbọ́ tí mo wúkọ́, tí mo sì ní, pẹ̀lú ohùn ara mi, Raudah, má lọ jìnnà. Lẹ́yìn náà ni mo kú.

Hamidat pè mí, fóònù mi ti kú. Ó wá pe Ìyá Àdínì, olórí ẹgbẹ́ àsàlátù wa ní Ọjà Tuntun. Kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, obìnrin mọ́kàndínlógún ti dé ẹnu ọ̀nà mi pẹ̀lú kẹ́tùlù, káfúrà tí a ń fi sí omi òkú, àti aṣọ funfun tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀gúsí tí mo ń bó wà ní ọwọ́ mi. Ìyá Àdínì wò mí, ó fẹ̀yìn rìn, ó tẹ ẹni tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Mo kí wọn. Ẹnì kan ní kí ẹnikẹ́ni má dáhùn o, òkú tí ó bá kí ènìyàn, ó ń wá ẹni tí yóò bá a lọ ni. Ìyá Àdínì, tí ó jẹ́ onímọ̀, ní kí n ka Fátíà. Mo kà á. Ó ní kí n gbé ohùn sókè. Mo gbé e sókè. Ẹni tí wọ́n tẹ̀ lẹ́sẹ̀ ní Fátíà kò tó ẹ̀rí, ta ni kò mọ Fátíà, kí n ka èyí tí ó gùn. Raudah, mo dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé tí bàbá rẹ kọ́, mo ń ka Kùránì láti fi jẹ́rìí pé mo wà láyé. Nígbà tí wọ́n gbà mí gbọ́ tán, wọ́n jókòó, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n jẹ mọ́ínmọ́ín mi. Nígbà tí wọ́n fẹ́ lọ, Ìyá Àdínì ní aṣọ òkú tí a ti gé kì í padà sí ṣọ́ọ̀bù, kí n gbà á pamọ́. Ó wà nínú àpótí mi.

Pólì tí mo lọ kò kọ́ mi láti dá ẹjọ́ ohun tí n kò tíì yẹ̀ wò. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí Nabeelah, ọmọ Hamidat tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní GRA, gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wá ní ọjọ́ Sátidé, pẹ̀lú pádì, ohun ìdìmú tí ó kún fún bọ́tìnnì yẹn. Láti agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ títí di agogo kan ọ̀sán ni mo fi gbá géèmù yín tí fídíò náà ti wá, mo sì ní ìwé àti bírò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni pé òṣèré yín kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Nínú fíìmù tí èmi mọ̀, ẹni tí ó bá ń lọ sí ọjà, yóò lọ sí ọjà. Ọmọbìnrin tiyín dúró gbagidi ní àárín ilé, ó ń mí, ó ń wo ògiri. Mo rò pé ó gbàgbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni. Mo ní kí ó jókòó, kò jókòó. Mo lọ po tíì, mo padà dé, ibi tí mo fi í sí ni ó wà, ó ń mí. Nabeelah ní èmi ni mo gbọ́dọ̀ máa mú un rìn. Mo bi í pé ta wá ni wọ́n sanwó iṣẹ́ fún, ọmọ yẹn ni tàbí èmi. Nígbà tí ọmọ náà já sínú kànga, wọ́n kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé ṣé mo fẹ́ tún un bẹ̀rẹ̀. Mo dáhùn pé rárá, mo dúpẹ́, nítorí n kò fẹ́ da ẹnikẹ́ni láàmú, ni gbogbo rẹ̀ bá pa dé. Ó di ẹ̀ẹ̀kẹrin kí Nabeelah tó là á yé mi pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bá mi sọ.

Ìgbà mọ́kànlá ni ọmọ yìí kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kànga pa á lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ajá pa á lẹ́ẹ̀méjì, ìgbà mẹ́fà tó kù, orí ògiri kan náà ni ó ti ń já. Ìgbà mọ́kọ̀ọ̀kànlá ni ó dìde, tí ó gbọn aṣọ rẹ̀ nù. Èmi, ìyá rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo kú, n kò sì dìde mọ́. Mo fẹ́ kí ẹ ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

N kò ní purọ́ fún ọ: ara mi ti wọ inú rẹ̀. Fún bí ogójì ìṣẹ́jú ni mo fi ṣiṣẹ́ ilé nínú géèmù yẹn. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo dáná, mo fa omi láti inú kànga, mo rọ ọ́ kún korobá méjì, mo gbé oúnjẹ fún ìyá tí ó ní ojú mi, mo sì dúró títí ó fi jẹun tán. Lẹ́yìn náà ni ìlà dúdú bo òkè àti ìsàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, orin bẹ̀rẹ̀, ìyá náà wúkọ́. Mo tẹ bọ́tìnnì láti sáré lọ bá a, ọmọ náà kò sáré. Mo tẹ gbogbo wọn ní títò, mẹ́rin apá ọ̀tún, mẹ́rin apá òsì, àwọn ti orí rẹ̀. Mo ń tẹ̀ ẹ́ títí Nabeelah fi di ọwọ́ mi mú, tí ó ní, Ìyá, ẹ jẹ́ ó tó, ibí yìí kì í gbọ́ bọ́tìnnì, fíìmù ni ibí yìí. Ó ní bí àwọn géèmù ńláńlá ṣe máa ń ṣe nìyẹn, pé tí wọ́n bá dé ibi ẹkún, wọ́n á gba ọwọ́ lọ́wọ́ ènìyàn kí ó lè jókòó wòran. Mo jókòó, mo wòran. Ọmọ náà bọ́ tẹ̀sùbáà ní ọwọ́ mi, ó ré mi kọjá, ó fo ògiri. Lẹ́yìn náà ni ìlà kan yọ ní igun òkè, tó ní: Ẹ kú oríire! Ẹ ti gba àmì ẹ̀yẹ tuntun, Ọmọ Òrukàn.

Ta ni ẹ ń kí kú oríire, Raudah?

N kò kórìíra fíìmù. Èmi àti bàbá rẹ jọ wo fíìmù púpọ̀ kí a tó bí ọ. Fíìmù mú mi jókòó, ó ní kí n ká ọwọ́ mi sí itan. Bí ìyá ẹnì kan bá kú níbẹ̀, mo lè sunkún kí n sì sùn, nítorí pé wọn kò fún mi ní ọwọ́ kankan níbẹ̀ rí. Ohun tí ẹ̀yin ń ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ fún mi ní ọwọ́. Ẹ fi ọwọ́ náà kọ́ mi ní omi fífà, ẹ jẹ́ kí n rọ ọ́ kún korobá méjì, ìgbà tí ó wá kan kí n fi omi náà ṣe ohun tí a ń fi omi ṣe fún òkú, ẹ gba ọwọ́ mi, ẹ ní fíìmù ni. Ẹ yá aṣọ fíìmù wọ̀ ní ibi tí iṣẹ́ wà.

Ìwọ kò sì lè sọ pé o kò mọ̀. Obìnrin ni í wẹ òkú obìnrin. Nígbà tí ìyá mi kú, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ọ́, ìwọ ni o dúró tì mí. Mo ní kí o bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún, o bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún. Mo ní kí omi má pọ̀ jù, o dín in kù. Ìwọ ni o fi káfúrà sí omi ìkẹyìn, ìwọ ni o ka aṣọ márùn-ún lé mi lọ́wọ́, o kò sì sunkún títí a fi parí. Ní ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi balẹ̀ nípa ikú ara mi. Ìwọ nìkan ni ọmọbìnrin tí mo bí. Mo ti ń sọ fún Hamidat láti ọdún yẹn pé èmi mọ ọwọ́ tí yóò wẹ̀ mí. Ọwọ́ náà ni ó jókòó ní Èkó, tí ó kọ ọ́ pé kí ọmọ ré òkú ìyá rẹ̀ kọjá.

O ní mo ní láti kú kí ìtàn tó lè bẹ̀rẹ̀. Ìtàn tìrẹ ńkọ́? Ọjọ́ Àtíníì ni o kúrò nílé. Mo gbé báàgì rẹ dé gáréèjì, mo bá dẹ́rẹ́bà jà nítorí pé ó fẹ́ fi ọ́ sí ìjókòó ẹ̀yìn, mo dúró títí ọkọ̀ fi ṣí. Ìtàn rẹ bẹ̀rẹ̀, n kò kú. Àwẹ̀ tó kọjá, nígbà tí o wá kí mi, o gbé fóònù sún mọ́ mi lẹ́nu, o ní kí n pè ọ́ bí ẹni tí ó ń lọ sí ọ̀nà jíjìn, kí o lè máa gbọ́ ọ nígbà tí ilé bá ń pè ọ́. Òtútù mú mi nígbà náà, mo ń wúkọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo pè ọ́, nítorí pé o ní èyí àkọ́kọ́ kò tíì dùn tó. N kò mọ̀ pé ikú mi ni mo ń dánrawò.

Owó oṣù yìí, má fi í ránṣẹ́. Ohun tí mo ń béèrè rèé. Nabeelah ní ẹ̀yin tí ẹ ṣe géèmù lè fi àtúnṣe ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí ó ti rà á. Ẹ ṣe é. Jẹ́ kí ìyá yẹn wà láàyè, kí ó sin ọmọ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, kí ó padà wọlé lọ bó ẹ̀gúsí. Bí àwọn ọ̀gá rẹ bá ta kú pé àfi kí ó kú, ẹ dá ọwọ́ padà fún ẹni tí ń gbá géèmù. Kí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ wẹ̀ ẹ́, kí ó wọ̀ ọ́ láṣọ, kí ó kọ ojú rẹ̀ sí Kíbúlà, kí wọ́n kírun sí i lára. Kí ògiri má ṣe é fò títí yóò fi parí. Bí ó bá gba wákàtí kan, kí ó gbà á. Mo ti kọ ìlànà rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ sí ìwé kejì tí ó wà nínú àpòòwé yìí, nítorí pé o lè ti gbàgbé. Ẹ yọ kú oríire yẹn kúrò, mo sì fẹ́ kí ẹ yọ ohùn mi pẹ̀lú.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ sí, kí ó gbé iṣẹ́ rẹ ga, kí ó fún ọ ní ọmọbìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yóò rọ̀ lára rẹ ní ọjọ́ tí o kò ní lè sọ fún un pé omi náà tutù jù. Àmín.

Èmi Talatu, ìyá rẹ, ni mo kọ ọ́, ní Ìlọrin, pẹ̀lú ọwọ́ ara mi. Kí èsì rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, ní kíkọ, kí ó má jẹ́ lórí fóònù, kí wọ́n tó pe ìrun Jímọ̀ ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù yìí.