Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Lékeléke

Àìkú, 18 oṣù Karùn-ún, 2025

Wọ́n ti fi mí ṣe akọ̀wé. Mi ò bèèrè fún un. Alága Fẹ̀hìntọlá ló rí ìkọ̀wé mi ní daycare tí mo ti ń tọ́jú ọmọ, lórí fọ́ọ̀mù tí mo kọ nígbà tí ọmọ-ọmọ wọn ṣubú. Wọ́n ní ẹni tó lè kọ ibi tí ojú ọgbẹ́ wà àti iye ìṣẹ́jú tí ọmọ fi sunkún, irú rẹ̀ ni àwọn ń wá.

Ẹgbẹ́ àwọn Yorùbá tó ń ṣàtìlẹ́yìn fún àwọn tó ń gbá họ́kì orí yìnyín. Nínú ooru Houston yìí. Ẹyẹ funfun ló wà láyà aṣọ àwọn eléré náà, la fi ń pè wọ́n ní Lékeléke. Ènìyàn mẹ́tàdínlógún ló wá sí yàrá ẹ̀yìn ilé ìtajà oúnjẹ kan ní Gulfton. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ní orúkọ Jésù, ti ìparí, Fátíà. Alága, igbákejì, akápò, alukoro. Kò sí ẹni tó lè dúró lórí yìnyín nínú wa.

Ohun tí kò yé mi: ìdíje ti parí. Lékeléke ti já kúrò nínú rẹ̀ láti oṣù tó kọjá. Kí la wá ń ṣèpàdé lé lórí?

Ìṣẹ́gun, 20 oṣù Karùn-ún

Ó yé mi díẹ̀. Ìgbà tí eré bá parí ni àríyànjiyàn ń bẹ̀rẹ̀ — ta ló máa lọ, ta ló máa dúró, ta ni wọ́n máa rà. Àdéhùn àwọn kan máa parí ní òpin oṣù Kẹfà. Ti Démi wà lára wọn.

Démi — Démiládé, ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo tó wà láàárín wọn. Christopher ni àwọn òyìnbó ń pè é. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ̀yìn ló ń ṣọ́. Torí rẹ̀ ni ẹgbẹ́ wa ṣe wà. Ìyá rẹ̀ ló ń gbé lókè orí wa ní Brays Oaks níbí: èmi àti Àǹtí Hafsah ẹ̀gbọ́n mi nísàlẹ̀, Ìyá Démi lókè. Àtẹ̀gùn mẹ́rìnlá. Lẹ́nu, Bọ̀dá Démi ni mò ń pè é. Nínú ìwé yìí, Démi.

Àìkú, 25 oṣù Karùn-ún

Orí ń fọ́ mi.

Bọ̀dá Fúnṣọ́ — mo ti sọ ọ́ ní Aláriwo — ní kí á ta Démi. "A." Bí ẹni pé búùtù ọkọ̀ rẹ̀ la ń kó àwọn eléré sí. Ó ní Démi ti dàgbà, tí àwọn ọmọdé bá ti kọjá lára rẹ̀, ẹ̀yìn wọn ló máa ń wò. "Sentiment no dey score goal, my people!" Alága ní point of order. Aláriwo ní kí wọ́n sọ order wo. Alága ní, "Fúnṣọ́, tó bá jẹ́ ọmọ ìyá ẹ ńkọ́?" Ó ní, "Tó bá jẹ́ ọmọ ìyá mi, èmi ni n ó kọ́kọ́ mú un lọ gba láísẹ́ńsì tírélà." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí àga fi ń dún.

Ni Àǹtí Ọmọ́yẹni akápò bá ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ kí á tà á mọ́. Ẹgbẹ́ kan ní Kánádà ti pè é, wọ́n fẹ́ fún un ní ọdún méjì. Ọdún kan ni Lékeléke fẹ́ fún un. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló kù sí. Lẹ́yìn náà ni gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Mo kọ aago sí i bí mo ṣe máa ń ṣe. 4:40, Aláriwo: kó máa lọ. 4:52, Aláriwo: tó bá lọ, ọ̀dàlẹ̀ ni.

Mo ka méjèèjì ní àkàtúnkà. Ẹnì kan náà ló sọ ọ́.

Ẹtì, 6 oṣù Kẹfà

Iléyá. A kírun ní pápá, a sè, a dín. Àǹtí Hafsah ní kí n gbé ẹran lọ fún Ìyá Démi.

Mo bá Démi lórí àtẹ̀gùn. Kò mọ̀ pé mo wà lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ ọ̀tún gòkè, ẹsẹ̀ òsì lọ bá a. Ọ̀tún gòkè, òsì lọ bá a. Kò fi òsì ṣáájú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó di irin mú. Lórí ìkẹsàn-án ó dúró, ó ń wo fóònù. Fóònù náà kò tàn.

Ó yíjú, ó rí mi. "Simbi! Ẹ kú Iléyá." Ó ń sọ Yorùbá bí ẹni tó wọ bàtà ẹlòmíràn. Ó gba àwo lọ́wọ́ mi. Ó ní, "O ò rí nǹkan kan, àbí?"

Mo ní, "Rárá, sà."

Ọjọ́ Iléyá ni mo parọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àjà wa. Ọ̀kan wúwo, ọ̀kan fúyẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ. Mo rò pé kápẹ́ẹ̀tì ló fà á.

Ajé, 9 oṣù Kẹfà

Zion, ọmọ ọdún mẹ́ta ní daycare, ń tiro láàárọ̀. Èmi ni mo kọ́kọ́ rí i. Ọ̀gá wa máa ń sọ pé: kọ ohun tí o rí, má kọ ohun tí o rò. Ìlà mẹ́rin ni mo kọ, mo pe ìyá rẹ̀. Àfọ́kù ìgò ló wọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀. Ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi sókè fún ìdúpẹ́.

Èyí rọrùn. Kí ló dé tí ìkejì kò rọrùn?

Àìkú, 15 oṣù Kẹfà

Alága ní àwọn ti ronú. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ tó bá ti di ti ọmọ, ọwọ́ ìyá ló wà. Kí á lọ bẹ Ìyá Démi. Àgbà márùn-ún, iṣu mẹ́ta, páálí malt kan. Aláriwo ló gbè é lẹ́yìn! Ó ní òun ni yóò gbé iṣu. Mo bi í níta pé ṣebí ó ní Démi ti dàgbà. Ó ní, "Sister Simbi, kí èèyàn bú ọmọ ẹ̀ yàtọ̀ sí kí ará ìta gbà á lọ."

Mo la ẹnu nínú ìpàdé. Alága rí mi. "Akọ̀wé, o fẹ́ sọ̀rọ̀?"

"Rárá, sà. Mo fẹ́ bèèrè bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ kan ni."

Tí mo bá sọ ọ́: Aláriwo á gbé e sórí fóònù kó tó dé ìdí ọkọ̀. Kánádà á gbọ́, Lékeléke á gbọ́, Démi á pàdánù méjèèjì. Tí mi ò bá sọ ọ́: wọ́n á lọ bẹ ìyá ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dáa, pé kó dúró níbi tí dókítà ti mọ̀ ọ́n, tí àṣírí á ti tètè tú. Ó sì lè jẹ́ pé ó fẹ́ dúró tẹ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹsẹ̀ náà ti ń san. Mi ò mọ̀. Mi ò mọ̀ rárá.

Àbámẹ́ta, 21 oṣù Kẹfà

Wọ́n mú mi dání lọ sọ́dọ̀ Ìyá Démi kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́.

Alága ṣí fìlà. Wọ́n ní, "Màmá, a ò ní jókòó, àfi tí ẹ bá fún wa ní ohun tí a bá wá." Àwọn ọkùnrin márààrún bá dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì gbalaja. Alága, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin. Ní Ìsẹ́yìn, mo ti rí i tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ bẹ́ẹ̀ tọrọ ìyàwó. Mi ò rí i kí wọ́n fi tọrọ ẹni tó ń gbá họ́kì.

Ìyá Démi fò dìde. "Ha! Bàbá! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí mi tán! Ẹ dìde, ẹ má sọ mí di ẹlẹ́ṣẹ̀!"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ pé ọmọ wa ò ní lọ."

Ìyá Démi wo fáànù. Wọ́n wo èmi. Kí ló dé tó jẹ́ èmi? Mo tẹjú mọ́ ìwé.

"Ó dáa. Kò ní lọ. Mo ti sọ ọ́."

Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà. Lẹ́yìn náà a mu malt.

Ìṣẹ́gun, 24 oṣù Kẹfà

Ìyá Démi sọ̀ kalẹ̀ wá kí wa, orin ló ń ti ẹnu wọn jáde. Wọ́n ní ọmọ àwọn kò jiyàn. Ó kàn ní, "Mọ́mì, ṣé ẹ ti sọ ọ́ fún wọn?" Wọ́n ní àwọn ti sọ ọ́. Ló bá pe Kánádà níwájú wọn, ó ní òun ò bọ̀ mọ́. Wọ́n ní, "Simbiat, ọmọ tí mo bí sí ìlú òyìnbó! Kò jẹ́ kí n di òpùrọ́ lójú àgbà."

Mo ní a dúpẹ́, mà.

Ọjọ́rú, 25 oṣù Kẹfà

Mi ò lè jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 3 oṣù Keje

Mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Démi lórí àtẹ̀gùn kẹta, ó jókòó. Ọ̀rá yìnyín wà lórí orókún rẹ̀, ti òsì. Kò fi pamọ́ fún mi.

Dókítà Lékeléke yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí ìwé. Ó ní Lékeléke ti yọwọ́. Kánádà ti mú ẹlòmíràn.

Mo bi í pé ṣé Kánádà náà kò ní yẹ ẹsẹ̀ náà wò ni. Ó ní oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò, oṣù méjì á ti tó òun láti tọ́jú ẹ̀. "Maybe," ó ní. Ó tún un sọ, "Maybe." Ó ní òun ti sọ fún ìyá òun pé òun kàn fẹ́ sinmi ni. Kí n má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ló de òun.

Ó ní, "Ìwọ nìkan lo mọ̀."

Mi ò mọ̀ bóyá ìdúpẹ́ ni àbí ẹ̀sùn.

Àìkú, 6 oṣù Keje

Ìpàdé. Gbogbo wọn ti gbọ́ pé Lékeléke yọwọ́. Wọ́n ní kí n ka àkọsílẹ̀ tó kọjá. Mo kà á: "A bẹ Ìyá Démi. Wọ́n gbà." Kò sẹ́ni tó gbójú sókè.

Aláriwo ní, "Kí ni mo sọ fún yín láti May?" Alága — tí àyà wọn kan kápẹ́ẹ̀tì — ní lóòótọ́ ọmọ náà ti dàgbà, Lékeléke ṣe dáadáa. Àǹtí Ọmọ́yẹni ní ìgbéraga ni, Kánádà pè é, kò lọ. "Ta ló ní kó dúró?"

Ta ló ní kó dúró. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. 5:04.

Wọ́n bọ́ sórí ẹni tí a máa rà dípò rẹ̀, ará Finland kan tí ẹnikẹ́ni ò lè pe orúkọ rẹ̀. Wọ́n ti ń bá ara wọn jà lórí rẹ̀. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mo wo ìwé mi. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ ló wà níbẹ̀, ohun tí mo rí nìkan ni kò sí.

Mo nawọ́. Alága ní, "Akọ̀wé, inú ìwé ni tìẹ." Mo ní mo mọ̀, sà. Mo kọ ọ́ kí n tó dìde: 5:12, akọ̀wé dìde.

Mo sọ ohun tí mo rí. Àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì. Ìpè Kánádà. Orúkọ àwọn márùn-ún tó dọ̀bálẹ̀. Mo sọ pé èmi náà mọ̀, mo sì dákẹ́. Mi ò sọ ohun tí mo rò. Kò sẹ́ni tó sọ point of order. Alága ṣí fìlà, wọ́n sì gbé e lé orókún. Àǹtí Ọmọ́yẹni ló kọ́kọ́ mú fóònù jáde.

Oòrùn ò tíì wọ̀ nígbà tí mo délé. Ìyá Démi dúró lórí àtẹ̀gùn kẹrìnlá. Fóònù wà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò pariwo.

"Simbiat. Ọjọ́ wo lo ti rí i?"

"Ọjọ́ Iléyá, mà. Ẹran yín wà lọ́wọ́ mi."

Wọ́n wò mí, wọ́n wọlé, wọn ò ti ilẹ̀kùn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n gòkè ni àbí kí n má gòkè. Mo ti wá jókòó sí ìdí tábìlì, mò ń kọ èyí. Ẹsẹ̀ wọn ń lọ, ó ń bọ̀ lórí àjà — méjèèjì wúwo bákan náà.