Oòrùn Ń Kó Páànù Wa Lọ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé? Àwa náà wà, a dúpẹ́, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí díẹ̀ nítorí òrùlé tí mo gùn. Ìwé tí ò ń kà kò ní da orí rẹ rú.

Mo ka lẹ́tà rẹ tán. O ní bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí irin, pàápàá irú èyí tí wọ́n fi ń bo páànù, ó máa ń lé àwọn nǹkan kéékèèké kan jáde nínú rẹ̀, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù lorúkọ wọn. O ní ẹyọ-ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń wá bí àgbàdo, pé ẹyọ ti pupa kò lágbára, bó pọ̀ rẹpẹtẹ kò lè lé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan jáde, ṣùgbọ́n èyí tó kọjá elésè-àlùkò nínú oòrùn, tí ojú kò rí, bó ti wù kó kéré tó, kíá ló ń lé wọn. Mo kà á débẹ̀, mo wòkè, ọkàn mi ò balẹ̀ mọ́. Páànù tí o kàn fún wa, láti àárọ̀ dalẹ́ loòrùn ń kó o lọ, o ò sì sọ ibi tó ń kó o lọ.

Mo ní kò ní ṣojú mi. Bí pupa ò bá lè lé nǹkan kan, pupa ni kí n fi bò ó. Aṣọ pupa kan ṣoṣo tó fẹ̀ nílé ni èyí tí ìyá rẹ fi ṣe ìyàwó. Mo gbé àkàbà, mo fi ìṣó kàn án mọ́ òrùlé. Káfíńtà ń kọjá, ó béèrè bóyá ara mi yá, mo ní kó máa lọ, kò kàwé. Ìyá rẹ ti ibi iṣẹ́ dé, ó wòkè. Ó di ẹrù rẹ̀, ó ní: "Ọjọ́ tí ẹ bá rí mi ju páànù lọ, ẹ wá pè mí." Ilé àbúrò rẹ̀ ló wà látìgbà náà.

Òjò wá rọ̀, gbogbo ojú ìṣó ń jò, mo gbé abọ́ sábẹ́ wọn. Ilé dákẹ́ jù, àárò rẹ̀ ń sọ mí. Mo lọ bá a lánàá, ó jókòó síwájú mi, ó ń retí. N ò mọ ohun tí mo máa sọ, ni mo bá ń ṣàlàyé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ó dìde, ó wọlé lọ.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí káfíńtà wá dí ihò. Ṣùgbọ́n èyí tí mo ń bẹ̀ ọ́ fún jù ni pé kí o kọ ohun tí mo máa sọ fún ìyá rẹ ránṣẹ́ sí mi, kó má gùn, kí n lè há a sórí. Má fi ìmọ́lẹ̀ kankan sí i o.

Ọlọ́run yóò fún ọ ní ẹni tí yóò máa retí rẹ nílé.

Èmi bàbá rẹ, tó ń dáná fúnra rẹ̀.