Wọ́n Fi Ọkàn Ro Oko Mi

Mujeebah, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́, àfi orúnkún ìyá rẹ tí ó ti ń sọ fún un pé òjò kò ní pẹ́ dé. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a gbúròó ara wa ní búburú. Bá mi kí àwọn nǹkan tíńtín tí ojú kò lè rí, tí ẹ ń tọ́jú ní ilé ẹ̀kọ́ yín. Má jẹ́ kí ebi pa wọ́n o, ohun ọ̀sìn kò lè béèrè oúnjẹ fúnra rẹ̀. Kareemah, ìyàwó àbúrò rẹ, tí ó ń bá mi kọ ìwé yìí ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ní kí ó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

O rántí Tẹjúmọ́lá, aláṣọ funfun tí ó wá kọ́ wa ní ìjókòó ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ní Olúpọ̀nnà. Ó ní àwọn onímọ̀ ti rí i pé nǹkan tíńtín méjì tí ó bá ti jọ wà pọ̀ rí, bí a bá fọwọ́ kan ọ̀kan ní Èkó, èkejì yóò mọ̀ ní Ìwó. Ó ní nítorí náà, ẹni tí ó bá dijú, tí ó ń mí jẹ́jẹ́, ọkàn rẹ̀ lè lọ ṣiṣẹ́ níbi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé. Mo pè ọ́ lórí fóònù. O ní ti nǹkan tíńtín kì í ṣe irọ́, ìjókòó jẹ́jẹ́ náà sì dára fún ara, ṣùgbọ́n kò sí okùn tí ó so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀. Mo ní ìwé ti pọ̀ jù lórí rẹ.

Ó wá kan oko Múyìíwá ní Kuta. O mọ̀ pé àáró ni èmi, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ wa jọ ń ṣe, a ń ro oko ara wa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó sábẹ́ igi ọsàn wa, mo dijú, mo fi ọkàn ro oko náà títí mo fi làágùn, mo sì pè é pé mo ti parí. Ó kàn ní ẹ ṣeun, bàbá.

Nígbà tí ó kan oko tèmi, gbogbo wọn wá pẹ̀lú ọkọ́. Wọ́n jẹ oúnjẹ ìyá rẹ tán, wọ́n kó ọkọ́ jọ, wọ́n jókòó sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n dijú. Mo bi Múyìíwá pé kí ló dé. Kò tilẹ̀ la ojú. Ó ní, "Bàbá Mujeebah, ẹ rọra, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí àgbálùmọ̀ ni."

Koríko ti ga tó ẹ̀gẹ́ mi báyìí, ẹ̀gẹ́ yẹn nìkan ni a sì gbójú lé lọ́dún yìí.

Ṣùgbọ́n mo ń fi ọ́ yangàn ní mọ́ṣáláṣí. Mo bi ọ́ lọ́jọ́ náà lórí fóònù pé báwo ni ti Èkó ṣe ń mọ̀ nípa ti Ìwó, o ní ẹ̀yin tí ẹ kàwé rẹ̀ pàápàá kò tíì mọ̀ ọ́n tán. Tẹjúmọ́lá tí kò kàwé rẹ̀ rí ni ó mọ gbogbo rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ìmọ̀ rìn dé ibi tí ọ̀nà pin, tí ó sì dúró síbẹ̀, èmi ni mo bí i. Mo ṣì ń jókòó lẹ́yìn àsùbáà o, nítorí ó ń tù mí lára. Ẹ̀gbẹ́ ọkọ́ ni mo ń jókòó sí.

Jọ̀ọ́, wá owó alágbàṣe díẹ̀ fún mi kí òjò tó dé. Orí fóònù ni kí o ti fi owó náà ránṣẹ́, má fi ọkàn ṣe é. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọwọ́ rẹ máa tó ibi tí ọkàn rẹ bá lọ.

Èmi bàbá rẹ,
Mùrí