Ẹrẹ̀ Tí Thawin Kó Dànù

                                        Ilé Kẹtàdínlógún,
                                        Abúlé Nong Khen,
                                        Lẹ́bàá Khon Kaen.
                                        Ọjọ́ Kẹrìnlá, Oṣù Kẹfà, 2009.

Duangta, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó tójọ́ mẹ́ta. O kú iṣẹ́, o kú ìlàkàkà ilẹ̀ òkèèrè. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dun ọkọ rẹ ti lọ sílẹ̀? Ṣé ooru Taipei ò pa yín? Àwa wà, àfi Màmá mi tí kò rí oúnjẹ jẹ mọ́ látìgbà tí àìsàn ti dá wọn dùbúlẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n ń bèèrè ni edé òjò, edé kékeré wa tó ń yọ nínú kòtò nígbà tí òjò bá rọ̀, kí àwọn tún tọ́ ọ wò lọ́dún yìí.

O rántí kòtò ẹ̀yìn ilé wa, níbi tí edé òjò ti máa ń dojú ikùn sókè lúwẹ̀ẹ́, tí a máa ń fi awọ̀n gbọ̀n wọ́n? Kò sí mọ́. Thawin ẹ̀gbọ́n mi, ọlọ́gbọ́n ayé, ti ti Bangkok dé. Ó ní àìmọ̀kan ló jẹ́ ká máa jẹ edé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré lọ́dún. Bí omi ò bá gbẹ, edé ò ní tán. Ló bá gbẹ́ kòtò náà jìn, ó fi kọ́ńkéré rẹ́ ẹ, ó fa omi ẹ̀rọ sí i. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, inú ilẹ̀ gbígbẹ yẹn lẹyin wọn ń sùn sí. Bí ilẹ̀ ò bá gbẹ, ẹyin ò ní di edé." Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ó ní, "Bualai, ta ló ń wá nǹkan inú omi nínú iyẹ̀pẹ̀? Lọ dáná." Mo lọ dáná. Àṣejù, baba àṣetẹ́.

Òjò rọ̀. Ní ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn òjò náà, ọ̀gá àwọn ọlọ́gbọ́n ra awọ̀n tuntun, ó pe gbogbo àdúgbò, ó gbọ̀n omi láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Ewé mẹ́ta ló kó àti ọ̀pọ̀lọ́ kan. Ǹ bá rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n Màmá wà lójú fèrèsé. Wọ́n rí awọ̀n òfìfo, wọ́n padà lọ dùbúlẹ̀. Ó dùn mí wọra.

Àṣé ẹrẹ̀ tó gbẹ́ jáde, tó pè ní ìdọ̀tí, ẹnu ọ̀nà wa ló dà á sí, kí táyà ọkọ̀ rẹ̀ má baà rì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo ń lọ já ewébẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ wo omi tó dúró sí ojú ipa táyà. Edé òjò kún ibẹ̀ bámúbámú. Mo gbọ̀n wọ́n, mo fi omi ẹja oníyọ̀ sè wọ́n.

Ta ló kọ́kọ́ dé ìdí ìkòkò? Thawin, tòun tabọ́. Ó ní, "Ṣebí mo sọ fún yín pé ẹrẹ̀ yẹn á wúlò?" Ojú ò tì í. Màmá rún ìrẹsì mọ́wọ́, wọ́n tì í bọ ọbẹ̀, wọ́n jẹ, wọ́n tún jẹ, kí wọ́n tó ní, "Bu díẹ̀ fún un. Ẹni tó kó oúnjẹ wa dànù ló tún bá wa kó o wá sẹ́nu ọ̀nà." Mo bù ú. Edé méje ni, mo kà á.

Lánàá ó tún ń wọn ẹnu ọ̀nà. Ó ní kọ́ńkéré ló kàn, torí táyà. Láti àárọ̀ òní, Màmá tí kì í sábà dìde ti gbé àga síbẹ̀, wọ́n jókòó, wọ́n fi ọ̀pá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní kí Thawin wá da kọ́ńkéré ọ̀hún.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o sì bá mi gbá àwọn ọmọ mọ́ra.

                                        Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbọ́n,
                                        Bualai.