Ìyẹ̀wù Inú Ọkọ̀ Òkun

Jímọ̀, Sáwábá

Rafíù ọmọ mi rò pé mo ti gọ̀. Ó ní ìyẹ̀wù lòun mú fún mi nínú ọkọ̀ òkun tí gbogbo wa fẹ́ fi gbafẹ́, torí pé èmi làgbà. Orí mi wú títí mo fi dé ọ́fíìsì ọkọ̀ náà ní Adum lónìí. Ọmọbìnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fi àwòrán yàrá náà hàn mí: kò ní fèrèsé kankan! Ìyá ìyàwó ẹ̀ ni Rafíù fún ní èyí tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó kọjú sí òkun.

Màá fojú ẹ̀ rí nǹkan.

Mo yà sí àdúgbò Aboabo lọ kí ìyá náà. "Àna mi, ẹ má bínú o. Èmi ni wọ́n fún ní ìyẹ̀wù, ẹ̀yin ni wọ́n ní kẹ́ ẹ sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀."

"Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kẹ̀? Èmi tí mo bí ìyàwó? Daabi, rárá o!"

Rafíù pè mí nírọ̀lẹ́. "Bàbá, kí lẹ sọ fún Màámi? Wọ́n ní ìyẹ̀wù làwọn fẹ́ dandan."

"Gbé e fún wọn. Àbí o fẹ́ ṣàlàyé pé kò ní fèrèsé?"

Ó ní òun á gbé e fún wọn, èmi á sì gba ti wọn.

Òun náà ni yóò máa kan ilẹ̀kùn ìyá náà láràárọ̀, láti sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti mọ́.